Ọwọ́ Rhoda Lára Bàbá Rẹ̀

Iṣẹ́ tí Rhoda kọ́ ní Èkó kò ní orúkọ rere kankan ní Òmù-Àrán. Bí ó bá ṣe pé nọ́ọ̀sì ni, wọn ì bá pè é ní nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ṣe pé aránṣọ ni, wọn ì bá mọ ẹni tí wọn yóò gbé aṣọ wọn fún. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó lọ sí ìlú ńlá, tí ó wá ń fi ọwọ́ wọ́ ara àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kí ni ènìyàn fẹ́ pe ìyẹn? Kálukú sọ ọ́ ní orúkọ tí ó wù ú. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni ó sì dé etí bàbá rẹ̀.

Sámúẹ́lì ni orúkọ bàbá náà. Ó ṣe tíṣà ní ilé-ìwé míṣọ́n títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Ọkùnrin gbọọrọ ni, kì í pariwo, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó kọ́ níwèé, láti Òmù-Àrán títí dé Òkè-Onígbìn, ṣì máa ń ṣí fìlà bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún òun àti Àyìnkẹ́ aya rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ Èsìẹ́. Ọlábọ̀wálé ni àkọ́bí, Rhoda ni ó tẹ̀ lé e. Sámúẹ́lì ti pinnu pé nọ́ọ̀sì ni Rhoda yóò ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣe ìdánwò ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, kò yege. Ó tún un ṣe, ìdánwò tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà náà, epo rọ̀bì ti sọ Èkó di ibi tí gbogbo ayé ń sáré lọ. Ọlábọ̀wálé ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ń ṣe títì, ó sì ní kí àbúrò òun máa bọ̀, pé iṣẹ́ kò wọ́n.

Iṣẹ́ kò wọ́n lóòótọ́. Rhoda kò tíì mọ ojú ọ̀nà àdúgbò tí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan fi gbà á sí ibi ìfọṣọ. Tówẹ̀lì ni ó ń ká níbẹ̀. Tówẹ̀lì yìí náà ni ó gbé e dé iyàrá kan ní ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí obìnrin òyìnbó kan láti Dẹ́ńmáàkì ti ń wọ́ra fún àwọn àlejò. Mísìsì Káréènì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́ kò wá, ó ní kí Rhoda dúró ti òun. Ó gbá ọwọ́ Rhoda mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ọwọ́ tí ó gbóná tí kì í làágùn ṣọ̀wọ́n, kí wọ́n má fi èyí ṣòfò sórí tówẹ̀lì.

Kí Káréènì tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, Rhoda fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kí ó lè mọ bí ó ti ń rí lára ẹni. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ tiwọn: kí ó da òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ó fà á gígùn, jẹ́jẹ́, láti ọrùn ẹsẹ̀ bọ̀ sí itan, láti ọrùn ọwọ́ bọ̀ sí èjìká, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa padà sọ́dọ̀ ọkàn. Kí ó wá máa po ẹran ara bí àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ti ń po ìyẹ̀fun. Ní ìkẹyìn, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ máa gbá ẹ̀yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Ó kọ́ ọ ní èèwọ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹni tí ibà ń ṣe, má wọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó sì gbóná, má fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o rán an lọ. Aṣọ ni yóò bo ara. Ibi tí à ń wọ́ nìkan ni a ó ṣí.

Nígbà tí ó yá, òtẹ́ẹ̀lì mú obìnrin mìíràn wá láti ilẹ̀ Filipíìnì. Lúùsì ni orúkọ tirẹ̀. Ó kéré bí ọmọdé, àmọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ le bí ọmọ odó. Lúùsì kì í lo òróró púpọ̀, orí aṣọ ni ó ti ń tẹ ara. Ó ní àwọn ará Ṣáínà tí ń gbé ní ìlú àwọn ni ó kọ́ ìyá òun pé ara ní àwọn ojú ibi kan tí ìrora máa ń sápamọ́ sí, àti pé bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, àárín àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ni kí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n sì ní sùúrù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe ní abúlé rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Òróró àgbọn ni àwọn ń yá níná. Wọn yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ra ara aláìsàn, ibi tí ewé bá sì ti lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ẹ̀rín pa Rhoda nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ó sọ fún Lúùsì pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá òun ní Èsìẹ́ ti ń yá òrí, tí ó fi ń na ọmọ tuntun, tí ó fi ń wọ́ ìbàdí abiyamọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Àwọn tí epo rọ̀bì sọ di ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wọn jù. Rhoda rí i pé ara olówó kò yàtọ̀ sí ara ẹlòmíràn, pé èjìká àwọn mìíràn nínú wọn le ju ti alábàárù lọ. Lọ́yà kan wà tí oorun ti sá fún. Lórí bẹ́ǹṣì Rhoda ni ó ti ń sùn. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú sì wà, tí ó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti kan ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí ni yóò bú sẹ́kún. Káréènì ní bí ó bá ń sunkún, kí Rhoda má gbé ọwọ́ kúrò, kí ó kàn jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Rhoda fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju ohunkóhun tí ó ti ṣe rí lọ. Sílé, ohun tí ó kọ̀wé ránṣẹ́ ni pé òun ń bá òtẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́. Kò purọ́, kò sì ṣàlàyé.

Ọláìyá ni ó bá a ṣàlàyé. Kọngílá ni Ọláìyá, ọmọ Òmù-Àrán náà sì ni. Ó wá kí àlejò kan ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì rí Rhoda tí ó ń jáde bọ̀ láti inú iyàrá náà, tí òyìnbó kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí ó ń de bẹ́líìtì. Kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó kí i, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú, ó fi í ṣe àwàdà. Nígbà tí àwọn ará Èkó sì ń bọ̀ wálé fún ọdún Àjíǹde, àwàdà náà bá wọn wọ mọ́tò.

Ọdún yẹn ni Ọlábọ̀wálé ṣí ilé tí ó kọ́ sí ìlú, Rhoda sì bá a wálé. Ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé ife omi tútù fún un. Sámúẹ́lì kò gba omi náà.

Ó ní, “Ṣé òótọ́ ni pé ọkùnrin máa ń bọ́ aṣọ níwájú rẹ?”

“Òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n aṣọ ni a fi máa ń—”

Sámúẹ́lì gbé ọwọ́ sókè bí ó ti máa ń ṣe ní kíláàsì. “Ó tó. Má fi ọwọ́ yẹn gbé oúnjẹ tàbí omi fún mi mọ́.”

Kò pariwo rárá. Àyìnkẹ́ ni ó wá gba ife náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́, Sámúẹ́lì kò sì gbìyànjú láti kó o. Ambrose, tíṣà kan ní Òkè-Onígbìn tí ó ti ń bá Rhoda sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò wá mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. Kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í.

Rhoda padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí epo gbé wá, epo náà ni ó gbé e lọ. Ọjà epo wó, àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba, ṣúgà àti ọṣẹ di ohun tí ènìyàn ń tò fún. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Lúùsì ni ó kọ́kọ́ lọ; ó so mọ́ Rhoda lọ́rùn ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Káréènì tẹ̀ lé e. Òtẹ́ẹ̀lì ti iyàrá náà pa, wọ́n kó àpótí bíà sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí Rhoda máa lọ. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ilé tí Rhoda bọ̀ sí kì í ṣe ibi ìsinmi.

Sámúẹ́lì kò lé e. Ó fi iyàrá tí ó wà lẹ́bàá ilé ìdáná hàn án, láti ẹnu ìyá rẹ̀. Bí Rhoda bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní, “O ò jíire?” Ó parí. Ohun tí ó bá ti ọwọ́ Rhoda wá, kì í jẹ ẹ́, kì í mu ún. Bí ó bá jẹ́ Rhoda ni ó gún iyán, Àyìnkẹ́ ni yóò gbé e síwájú rẹ̀, yóò sì sọ pé òun ni òun gún un.

Ọwọ́ Rhoda kò lè jókòó lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ àwọn abiyamọ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ó ń fi òrí yíyá wọ́ ìbàdí wọn, ó ń na ọmọ wọn. Àwọn tí ìjọba dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ti padà sídìí ebè iṣu, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, àwọn náà ń wá. Kò sí ẹni tí ó ṣèlérí ìwòsàn fún nínú wọn. Ó máa ń sọ fún wọn pé ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe ni kí iṣan tí ó dì tú, kí oorun wá, kí wọ́n lè dìde lọ́la. Wọ́n á gbé iṣu wá, wọ́n á gbé irú wá.

Nínú ilé, bàbá rẹ̀ ń di ògiri mú kí ó tó lè nàró. Rhoda máa ń rí i láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ìyá òun dojú bolẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn ilé ìdáná, ó wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìbàdí dé ọrùn, ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe bí ó ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, òun náà dùbúlẹ̀, ó ní kí ìyá rẹ̀ ṣe é lára òun. Àyìnkẹ́ lóye. Ó gbé òrí, ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí ó tó jáde.

Ó sọ fún Rhoda pé, “Ó bi mí pé ta ni ó kọ́ mi.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní ọmọ mi ni.”

“Kí ni òun wí?”

“Ó kọjú sí ògiri, ó ní kí n má tíì dáwọ́ dúró.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Rhoda ń gbé kiri fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni gbé ẹyin sínú ìṣẹ́po aṣọ. Ó ń retí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ yóò pe òun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò lágbára tó, oríkèé ń dùn ún, Sámúẹ́lì náà sì mọ̀. Kò pè é.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, nígbà ọyẹ́, Sámúẹ́lì jókòó ó ń so okùn bàtà kí ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò so ó tán. Nígbà tí Àyìnkẹ́ dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fì bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ̀gbà ti jà á. Wọ́n ké sí àwọn aládùúgbò. Ó yẹ kí Rhoda gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ sínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ẹlòmíràn ni ó gbé e. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní Ìlọrin, dókítà ṣe ohun tí ó lè ṣe. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba nǹkan jẹ́ nínú ọpọlọ, pé ọ̀rọ̀ lè má padà sẹ́nu rẹ̀ mọ́, àti pé kí wọ́n máa wọ́ apá àti ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà gan. Àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ti lọ sí Sáúdí. Wọ́n gbé e padà sílé.

Àyìnkẹ́ ní, “Rhoda, o gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ìwọ ni ó mọ̀ ọ́n.”

“Bàbá kò tíì ní kí n ṣe é, Ìyá.”

“Bàbá rẹ kò lè sọ nǹkan kan mọ́.”

“Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Síbẹ̀, ó lọ. Ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọ́ ọwọ́ yín.” Ọwọ́ òsì Sámúẹ́lì, èyí tí ó ṣì lágbára, di aṣọ ìbora mú, ó fà á dé àyà, kò sì jẹ́ kí ó lọ. Rhoda ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Ó dìde, ó jáde.

Bí ọjọ́ ti ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì pọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́, èékánná ń gún ẹran, ọwọ́ náà ń rùn. Bí Àyìnkẹ́ bá fẹ́ ṣí i kí ó lè fọ̀ ọ́, Sámúẹ́lì á kérora. Nígbà tí Rhoda kò lè gbọ́ ìkérora náà mọ́, ó yá òrí, ó tún wọlé. Ó bẹ̀ ẹ́ bí ó ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ òsì náà wà lórí àyà Sámúẹ́lì, kò di ohunkóhun mú. Ojú rẹ̀ wà lókè àjà. Rhoda dúró, ó wo ọwọ́ òsì náà títí. Kò mọ̀ bóyá ó gbà ni, tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ náà mú, kò ṣe nǹkan mìíràn, kí ọwọ́ náà lè mọ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fà á bí Káréènì ti kọ́ ọ, gígùn, láti ọrùn ọwọ́ gba ìgúnpá dé èjìká, ó padà, ó tún fà á. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tí iṣan ti dì, ó tẹ̀ ẹ́ bí Lúùsì ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ní sùúrù. Kò fi agbára ṣí ìka kankan. Ó ń ra ẹ̀yìn ọwọ́ náà títí ìka kékeré fi kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀, tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nínú àtẹ́lẹwọ́ tí ó ṣí náà ni ó ti rí ibi tí ara ti le nítorí ọkọ́ tí ó fi ń dáko, àti ibi kékeré kan lórí ìka tí ó rì sínú nítorí kálámù. Láti ìgbà tí ó ti dàgbà, kò di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú rí. Kí ó tó dé apá òsì, Sámúẹ́lì ti ń hanrun. Àyìnkẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi etí aṣọ bo ẹnu.

Báyìí ni ó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó ń yí i ní ibùsùn kí ara rẹ̀ má baà bó, ó ń ká orúnkún rẹ̀, ó ń nà án. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Sámúẹ́lì ti lè jókòó ti ògiri, ọwọ́ náà kò sì ká mọ́. Ẹsẹ̀ kò gbé e. Ọ̀rọ̀ kò padà wá, àfi ohùn kan ṣoṣo tí ó máa ń tiraka láti sọ nígbà tí Rhoda bá ń wọ́ ọ: “Ọ... ọ...” Á sọ ọ́ títí òógùn á fi bò ó. Àyìnkẹ́ ní Ọlọ́run ni ó ń pè, a sì máa bá a gbàdúrà. Nígbà tí Ọlábọ̀wálé ti Èkó dé, ó ní orúkọ òun ni, ó sì sunkún. Rhoda rò ó pé ó lè jẹ́ “ọmọ.” Ó tún lè jẹ́ “ọwọ́.” Kò ní ìgboyà láti mú ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ lọ síbi òkú ní Èsìẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò fún Sámúẹ́lì lóúnjẹ. Rhoda po ẹ̀kọ, ó bu ún síbi ètè rẹ̀. Sámúẹ́lì wò ó pẹ́, ó ya ẹnu, ó gbé e mì. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bí ó ti ń mu ún. Ṣùgbọ́n Káréènì ti sọ fún Rhoda nígbà kan rí pé ẹni tí ẹ̀gbà jà lè máa sunkún láìnídìí, pé ara ni ó ń ṣe é. Ó nu ojú bàbá rẹ̀, ó nu tirẹ̀, ó sì lọ fọ àwo.

Nígbà tí iṣu tuntun ń wọlé, ẹ̀gbà náà tún padà. Rhoda wà ní Òmùpo lọ́sàn-án ọjọ́ náà lọ́dọ̀ abiyamọ kan. Kí ó tó dé, wọ́n ti pa ojú bàbá rẹ̀ dé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn wẹ̀ ẹ́, àwọn alàgbà ìjọ ní iṣẹ́ àwọn ni, kí ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ fún Àyìnkẹ́ lẹ́yìn náà pé apá rẹ̀ rọrùn láti wọ̀ láṣọ, pé kò gan rárá.

Àwọn ará Èkó wá síbi ìsìnkú. Ọláìyá wà lára wọn, ó ti hewú. Ó kí Rhoda kú ọ̀fọ̀, ó ní òun gbọ́ bí ó ti tọ́jú Tíṣà, pé Ọlọ́run yóò san án fún un. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò rántí ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ fi pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín kì í pẹ́ nínú ẹni tí ó sọ ọ́. Rhoda dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilé dá, òun àti ìyá rẹ̀ ń pa ẹ̀pà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó béèrè pé, “Ìyá, ṣé ẹ rò pé Bàbá gbà fún mi?”

Àyìnkẹ́ da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo, ó ní, “Rhoda, láti ìgbà èwe mi ni mo ti wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ. Mo mọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ rẹ̀, mo mọ ‘rárá’ rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín méjèèjì, kò fi í hàn mí rí. N kò ní parọ́ fún ọ.”

Rhoda ń bá iṣẹ́ lọ lọ́dọ̀ àwọn abiyamọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà ọkùnrin tí ẹ̀gbà jà wá, á ní ọwọ́ òun kò gbé e, kí wọ́n máa lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ Bàbá Ignatius fi gbé baba wọn wá láti Òkè-Onígbìn, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kò lọ. Bàbá náà sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́. Àyìnkẹ́ ni ó yá òrí, tí ó gbé e fún Rhoda. Rhoda jókòó, ó wọ́ ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, ó tẹ ibi tí ó yẹ kí ó tẹ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, Bàbá Ignatius gbé ọwọ́ òsì lé e lórí. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ náà jáde kedere.

Rhoda ní kò tọ́pẹ́. Ó sọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá fún wọn, ó bá wọn dé ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀yìn ilé, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sunkún títí ìyá rẹ̀ fi wá mú un wọlé.